Owó àjọ mi dé: ṣé kí n fi ra ẹ̀rọ ìlọgì ni, àbí kí n fi ra ilẹ̀?

Ìyá Ológì, Kubwa
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ kú làálàá òní. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síbí.

Kubwa ni mò ń gbé, ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe ògì. Ògì tútù ni mo kọ́kọ́ ń rù kiri àdúgbò. Láti bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni mo ti ń sá a gbẹ, tí mò ń lọ̀ ọ́ kúnná, tí mò ń dì í sínú ọ̀rá. Àwọn ìyá ọlọ́mọ tó ń lọ ọ́fíìsì ló ń rà á jù, nítorí ó máa ń pẹ́ nílé kó tó bàjẹ́. Àpò àgbàdo mẹ́rin ni mò ń rẹ lọ́sẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló ń bá mi sẹ́ ẹ, mo sì ń fún un lówó ojúmọ́.

Mo kó àjọ ní ìparí oṣù tó kọjá. Mo pa á pọ̀ mọ́ èyí tó wà nílẹ̀, ó jẹ́ ₦1,100,000. Èrò mi ni láti ra ẹ̀rọ tèmi, torí ₦7,000 ni mò ń san lórí àpò kan nílé ẹ̀rọ, ₦28,000 lọ́sẹ̀. Nígbà mìíràn, màá tò sórí ìlà títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí ògì á ti kan jù.

Mo wá sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n kan ní ìpàdé ọmọ ìlú wa lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ní kí n má fi owó ṣòfò. Wọ́n ní òwò pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ bíi tiwa yìí kò fi nǹkan kan kún ìlú, pé epo rọ̀bì àtàwọn ilé iṣẹ́ ńlá ló gbé Nàìjíríà ró, kí n lọ fi owó náà ra ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí sí i?

Tẹ́lọ̀ Nyanya
Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà ló ti gba òmìnira lọ́wọ́ mi ní Nyanya yìí. Mẹ́rin nínú wọn ti ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn, ọ̀kan wà ní Lafia, òun náà sì ti ní ọmọ iṣẹ́ méjì. Kò sí iléèwé tó gba àwọn ọmọ yẹn wọlé. Tí wọ́n bá ní a ò fi nǹkan kan kún ìlú, ta ló kọ́ wọn níṣẹ́?

Bàbá Oníṣirò, Gwarinpa
Ìyá Ológì, mo kí yín. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣirò ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe lẹ́nu iṣẹ́ ọba, ẹ jẹ́ kí n mú ẹ̀gbọ́n yẹn dé ìdí ìwé.

SMEDAN ni àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2003 láti máa mójú tó òwò kéékèèké. Òun àti NBS, ilé iṣẹ́ tó ń ṣírò nǹkan fún ìjọba àpapọ̀, ni wọ́n jọ máa ń ka àwọn òwò wa. Nínú èyí tí wọ́n kà fún 2021, òwò kéékèèké àti alábọ́dé tó wà ní Nàìjíríà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 40. Nínú gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè yìí pèsè lọ́dún náà, bíi ìdá 46 nínú 100 ló ti ọwọ́ wọn jáde. Nínú èèyàn 100 tó níṣẹ́ lọ́wọ́, bíi 88 ló wà lọ́dọ̀ wọn. Epo rọ̀bì ńkọ́? Òun ló ń mú dọ́là wọlé, mi ò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìpín tirẹ̀ nínú ohun tí a ń pèsè kò tó ìdá 10. Kànga epo kò sì gba èèyàn púpọ̀ síṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì, torí ẹni tó bá fẹ́ràn yín kò ní fi dídùn nìkan bọ́ yín. Ní 2017, mílíọ̀nù 41.5 ni wọ́n kà, ìpín wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 50. Ẹ rí i pé ó ti wálẹ̀. Àìsàn kòrónà wà nínú ohun tó fà á: nígbà tí wọ́n sé Àbújá mọ́lé ní ìparí oṣù March 2020, àìmọye ṣọ́ọ̀bù ló tì tí kò sì tún ṣí mọ́. Èyí tó máa ń dùn mí jù rèé: nínú mílíọ̀nù 40 yẹn, ó lé ní 96 nínú 100 tó jẹ́ àwọn tó kéré jù lọ, tí òṣìṣẹ́ wọn kò pé mẹ́wàá. Púpọ̀ nínú wọn, ẹni tó ni ín nìkan ló wà nídìí rẹ̀. Tí àìsàn bá dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, òwò ti kú nìyẹn.

Torí náà, ìbéèrè tí mo máa ń bi àwọn oníṣòwò ni pé: ta ni yóò jẹ́ èèyàn kejì níbi iṣẹ́ yín, ta ni yóò jẹ́ ẹ̀kẹta? Ìgbà tí òwò bá kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan tó sì ń bọ́ ilé méjì, ilé mẹ́ta, ni ìlú ń jèrè rẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn yóò gba èèyàn kan tó mọ̀ ọ́n tẹ̀ síṣẹ́. Ilẹ̀ tó wà lásán, koríko ni yóò hù.

Ọmọ Sábó, Kano
Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀ gidi.

Sábó ní Kano ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá mi sí. Láyé òyìnbó ni bàbá bàbá mi bá rélùwéè wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, obì ló ń tà. Obì yẹn ló kọ́ ilé tí a ń gbé títí dòní. Ọ̀rá tí ẹ fi ń di nǹkan ni èmi ń tà báyìí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe é ní Sharada ni mo ti ń gbà á.

Ìyá wa, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé àpò àgbàdo yín kan láti oko. Àgbẹ̀ kan ní apá Mokwa tàbí Kontagora gbìn ín. Àwọn ọmọkùnrin kan dì í, wọ́n rù ú sínú ọkọ̀, wọ́n gbowó. Dírẹ́bà gbowó, ẹni tó ń ta epo fún dírẹ́bà gbowó. Ó dé ọjà, dìlálì mú tirẹ̀. Ẹ rà á, alábàárù gbé e, ó gbowó. Ilé ẹ̀rọ gba ₦7,000. Ọmọbìnrin yín gbowó ojúmọ́. Ẹ ra ọ̀rá, bóyá lọ́wọ́ ẹni tó rà á lọ́wọ́ mi. Òṣìṣẹ́ tó wà nídìí ẹ̀rọ ní Sharada gbowó oṣù. Ẹ tà á fún ìyá ọlọ́mọ, ó fún ọmọ rẹ̀ mu, ó sì lọ síbi iṣẹ́. Àpò kan péré nìyẹn, mẹ́rin sì lẹ̀ ń rẹ lọ́sẹ̀. Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yẹn, kí wọ́n sì ka orí àwọn èèyàn náà.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tí wọ́n sì ń sọ yẹn, a rí wọn ní Àríwá níbí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ṣiṣẹ́ ní United Nigerian Textiles ní Kàdúná. Ní 2007, wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló rìn padà sílé. Nígbà tí wọ́n tún ṣí i lẹ́yìn náà, kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Tábìlì kan tí ìyàwó wọn fi ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní Kakuri ló bọ́ ọmọ márùn-ún. Mi ò sọ pé kí ilé iṣẹ́ ńlá má sí; ó dùn mí pé ó kú, torí aṣọ tó ń jáde níbẹ̀ làwọn oníṣòwò Kantin Kwari, ọjà aṣọ tó wà ní Kano, ń tà. Àwọn méjèèjì ló nílò ara wọn.

Olóko Ilẹ̀, Lugbe
Ẹ má bínú sí mi, èmi fara mọ́ ẹ̀gbọ́n yẹn díẹ̀. Ilẹ̀ tí mo rà ní 2012 ni mo tà fi ran ọmọ mi lọ sí yunifásítì. Ẹ̀rọ máa ń bàjẹ́, ilẹ̀ kì í bàjẹ́.

Bàbá Oníṣirò, Gwarinpa
Ẹ kú oríire ti ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Àbújá kò rí bíi ti ilé. Gbogbo ilẹ̀ FCT, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, láti 1976 tí wọ́n ti yà á sọ́tọ̀. Mínísítà ló ń fọwọ́ sí ìwé tó múná dóko. Mo ti rí ẹni tó fi gbogbo owó àṣekù rẹ̀ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ní òun ni onílẹ̀, tí kátapílà wá dé láàárọ̀ ọjọ́ kan. ₦1,100,000 kò lè ra ilẹ̀ tó ní ìwé gidi nítòsí Kubwa lónìí. Èyí tó bá lè rà yóò jìnnà, tàbí kí ìwé rẹ̀ mú iyèméjì dání.

Ìyá Ẹlẹ́rọ, Minna
Ẹ̀rọ mẹ́ta ni mo ní ní Minna, mo ti wà nídìí ẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ Nàìjíríà sílẹ̀ díẹ̀ ká sọ ti ẹ̀rọ, torí tí ìyẹn bá forí ṣánpọ́n, kò sí ìlú tó máa jèrè rẹ̀.

Àkọ́kọ́, irú èyí tí ẹ máa rà. Tí iná NEPA bá dáa ní àdúgbò yín, ẹ ra èyí tó ń lo mọ́tò iná. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ìsọ̀rí tí wọ́n fi àdúgbò yín sí. Àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní iná wọn gbọ́dọ̀ wà fún ó kéré tán wákàtí ogún lójúmọ́, ní April 2024 ni wọ́n gbé tiwọn láti bíi ₦68 lọ sí ₦225 lórí yúnìtì iná kan. Owó yẹn ga, àmọ́ ó ṣì sàn ju kéèyàn máa da bẹntiróòlù sínú ẹ̀rọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tí iná bá ń ṣe ségesège, ẹ ra ẹ̀rọ oní-dísẹ́ẹ̀lì tó ń dún gbàdàgbàdà yẹn. Ó le lọ́wọ́ láti tan, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́. Ẹ̀rọ oní-bẹntiróòlù ni mo ní nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023. Epo tí a ń rà ní nǹkan bíi ₦190 di èyí tó lé ní ₦600 láàárín oṣù méjì. Ẹ̀rọ mi kan wà nílẹ̀ láìṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́rin.

Ìkejì, ẹ má lọ ata nínú ẹ̀rọ ògì láéláé. Èèyàn á bẹ̀ yín, á ní bọ́kẹ́ẹ̀tì kan péré ni. Ẹ sọ pé rárá. Tí òórùn ata bá ti wọ irin tó ń lọ nǹkan yẹn, omi gbígbóná kò lè fọ̀ ọ́ tán, ọmọ ọwọ́ kan á sì mu ògì ata lọ́jọ́ kejì. Irin yẹn náà máa ń jẹ, ẹ tètè máa pààrọ̀ rẹ̀. Tí ẹ bá fọwọ́ pa ògì tẹ́ ẹ lọ̀, tí ó ń ha ọwọ́ bí iyanrìn, ó ti jẹ nìyẹn.

Ìkẹta ni ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò máa tẹ̀ ẹ́. Ọmọ tí mo kọ́kọ́ gbà, ó ń lọ̀ ọ́ fún èèyàn, ó ń gba owó, ó ń fi díẹ̀ sápò. Mi ò mọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ tí mo wá mọ̀ ni ọjọ́ tí mo jókòó síwájú ilé ẹ̀rọ láàárọ̀ dé alẹ́, tí mo ń ju òkúta kọ̀ọ̀kan sínú abọ́ fún bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Òkúta 43 ló wà nínú abọ́. Owó bọ́kẹ́ẹ̀tì 29 ni ọmọ náà kó fún mi. Mi ò lé e. Mo pè é, mo fi abọ́ náà hàn án, mo wá bá a ṣàdéhùn: owó oṣù rẹ̀ yóò wà, yóò sì máa gba ₦100 lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sínú ìwé. Òun ló ń bójú tó ẹ̀rọ kejì báyìí, ó ti gbéyàwó.

Ẹ wo ìṣirò yín: ẹ ń san ₦112,000 lóṣù nílé ẹ̀rọ. Ẹ fún ọmọ iṣẹ́ ní ₦60,000, ẹ fi ₦30,000 sí epo tàbí iná àti àtúnṣe. ₦22,000 ló ṣẹ́kù tẹ́ ẹ bá lọ tiyín nìkan. Ìyẹn kéré. Ẹ̀rọ tó máa gbà yín ní ₦700,000 yóò lé ní ọdún méjì ààbọ̀ kó tó dá owó rẹ̀ padà. Àmọ́ tí àwọn ará àdúgbò bá ń gbé tiwọn wá, bọ́kẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá péré lójúmọ́, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Torí náà, ẹ má gbé e sẹ́yìnkùlé. Ẹ wá ibi tó dojú kọ títì.

Akọ̀wé Owó, Wuse
Ẹ kú ìmọ̀ràn, Ìyá Ẹlẹ́rọ. Èmi á fi ti ìwé kún un, iṣẹ́ mi ni.

Ìyá Ológì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé owó ògì àti owó ọbẹ̀ kò sí nínú àpò kan náà? Èyí ló ń pa àwọn oníbàárà mi ju owó orí lọ. Ẹ ṣí àkáǹtì mìíràn fún òwò. Ẹ dá owó oṣù fún ara yín, bó tilẹ̀ jẹ́ ₦40,000, kí ẹ má sì mú ju ìyẹn lọ. Tí ẹbí bá ní òkú tàbí ìkómọ, àpò tiyín ni kẹ́ ẹ ti fún wọn. Mo mọ̀ pé ó ṣòro láàárín àwa Yorùbá, wọ́n á ní ẹ ti di ahun. Ẹ fara dà á.

Ẹ lọ fi orúkọ òwò sílẹ̀ ní CAC, orí íntánẹ́ẹ̀tì lèèyàn ti lè ṣe é. Ọ̀pọ̀ ló ń sá fún un nítorí owó orí. Ẹ má bẹ̀rù: nínú òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2026, ẹni tó ń ṣòwò lórúkọ ara rẹ̀ kò ní san nǹkan kan lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú èrè ọdún. Tó bá di kọ́ńpìnnì lọ́jọ́ iwájú, tí ọjà tó tà lọ́dún kò bá ju ₦100,000,000, tí dúkìá rẹ̀ kò sì ju ₦250,000,000, kò ní san owó orí kọ́ńpìnnì. Ẹ ṣáà máa kọ ìwé yín kẹ́ ẹ sì máa fi sọwọ́ sí àwọn agbowó orí lọ́dọọdún.

Nọ́ńbà NAFDAC ńkọ́? Ẹ kò tíì sọ ọ́. Oúnjẹ tí a dì sínú ọ̀rá yẹ kó ní in, àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì kò sì ní gbà á láìsí i. Ẹ fi apá kan nínú owó yẹn sílẹ̀ fún un, kí ẹ má ná gbogbo rẹ̀ sórí ẹ̀rọ.

Oní-POS, Mararaba
Ẹ gbà mí láyè. Ẹ má yá owó lórí fóònù o. Mo yá ₦50,000 lọ́dọ̀ àwọn kan nígbà tí owó bébà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Ẹ rántí bí a ṣe ń tò ní báńkì tí ẹnikẹ́ni ò rówó gbà; òwò mi dúró gbọn-in. Mi ò rí i san lọ́jọ́ tó yẹ. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà nínú fóònù mi pé olè ni mí. Pásítọ̀ mi gbà á. Ìyá ọkọ mi gbà á. Àwọn obìnrin tí a jọ ń dá àjọ ló kó owó jọ bá mi san án, láìsí èlé.

Akọ̀wé Owó, Wuse
Ẹ pẹ̀lẹ́ gan-an. Owó báńkì náà kò rọrùn. Báńkì àpapọ̀ gbé èlé tirẹ̀ dé ìdá 27.5 ní November 2024, báńkì tó ń yá èèyàn lówó á sì gbé tirẹ̀ lé e. Òwò tó lè jèrè tó ìyẹn ṣọ̀wọ́n. Mo bá àwọn tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu òwò kéékèèké wí nítorí èyí: a di ẹsẹ̀ rẹ̀, a tún ń bi í pé kí ló dé tí kò sáré. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé òfin kan wà láti 2017 tó jẹ́ kéèyàn lè fi ẹ̀rọ tàbí ọjà dúró fún ẹ̀yáwó, kì í ṣe ilẹ̀ àti ilé nìkan mọ́. Ẹ tọ́jú rìsíìtì ẹ̀rọ yẹn dáadáa, kó jẹ́ orúkọ òwò yín ló wà lórí rẹ̀.

Ìyá Ológì, Kubwa
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ka gbogbo rẹ̀ létí ọkọ mi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo dé ibi òkúta inú abọ́, àwọn náà dákẹ́.

Mo ti lọ wo àwọn ẹ̀rọ ní Dei-Dei lánàá. Àdúgbò wa kì í ṣe Band A, torí náà, oní-dísẹ́ẹ̀lì ni, ₦720,000 ni wọ́n pè é, a ṣì ń ná an. Mo rí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn kèké ń dúró sí. Mo bi ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ bóyá ó lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀rọ, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ti ṣe é rí ní Suleja, pé òun á mú un wá lọ́jọ́ Ẹtì. Èyí tó bá ṣẹ́kù nínú owó, ti NAFDAC ni.

Ìyá Ẹlẹ́rọ, ẹ jọ̀ọ́, ₦100 lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn, ṣé bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ńtì ńlá ni, àbí èyí tó kéré?

Ìyá Ẹlẹ́rọ, Minna
Èyí ńlá ni. Fún kékeré, ẹ fún un ní ₦50. Kí ẹ tó sanwó ẹ̀rọ, ẹ ní kí wọ́n tan án níṣojú yín, kó ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì gbé àgbàdo rírẹ tiyín dání lọ láti ilé.